Ẹ́ńjìnnì Toyota nínú Pijó sítéṣọ̀n mi: ìdí tí mo fi ní kí wọ́n dúró ná

Nígbà tí èéfín aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́yìn Pijó mi, kò sẹ́ni tó rí i tí kò mú ìmọ̀ràn wá. Dẹ́rẹ́bà mi ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin. Àbúrò mi l'Ékòó ní kí n gbé e wá kí wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ onígáàsì. Ní ọgbà mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà: "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká yọ ẹ́ńjìnnì yìí sọnù, ká gbé ti Toyota sí i. Ẹ ó sinmi." Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì. Nígbà tó wá kàn mí, mo ní mi ò ní í yọ kọ́bọ̀ títí máa fi mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gé, ohun tí wọ́n fẹ́ jó, àti ohun tí wọ́n fẹ́ so mọ́ ohun tí kò bá a wá sáyé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá mi ṣe òde rí mọ ọkọ̀ náà. Pijó 504 sítéṣọ̀n aláwọ̀ búráùn tó máa ń kó ìkòkò wá ni. Oúnjẹ òde ni mò ń sè, Òṣogbo ni mo fi ṣe ibùjókòó. Tí a bá tẹ́ àga ẹ̀yìn, ìkòkò ńlá mẹ́ta máa wọlé, kúlà á wọlé, sílíńdà gáàsì á wọlé, àpò ìrẹsì á tò sáàárín wọn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á sì tún pa dé. Bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń gbé jáde báyìí lè gbé ẹrù yẹn lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í fẹ̀yìn lélẹ̀ kí wọ́n rọra máa rìn bí ti sítéṣọ̀n. Ọbẹ̀ ni mò ń gbé. Ọkọ̀ tó bá ń ta gìjà máa ba ọjà mi jẹ́ kí n tó dé òde.

Ìhà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì la sì máa ń lọ jù. Ẹni tó bá ti gba Iléṣà lọ sí Adó rí mọ òkè tó wà láti Èrìn-Ìjẹ̀ṣà títí dé Èfọ̀n-Alààyè. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá ara ọkọ̀ dá tàbí kò dá. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ rí i nínú díńgí pé èéfín ń tẹ̀ lé wa.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu. Ọkọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ ni. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fi oyè Ọkọ̀ Ọdún ti Yúróòpù dá a lọ́lá ní 1969. Sítéṣọ̀n tẹ̀ lé e ní 1971. Nígbà tó di 1975, wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná, ìgbà náà ló sì wá di ọkọ̀ gbogbo gáréèjì wa. Ẹni tó bá rìnrìn àjò láyé ìgbà yẹn, láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin tàbí láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó, àfàìmọ̀ kó má jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Kọ́ìlì mẹ́rin ló gbé ẹ̀yìn tèmi dúró, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ìdí nìyẹn tí kì í fi wólẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Ara rẹ̀ kò jẹrà, ilẹ̀ inú rẹ̀ kò lu, gíà rẹ̀ ń wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń ṣàárẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ire Toyota níbi tó yẹ ká ti sọ ọ́. Èyí tí wọ́n ń dá lábàá fún mi ni 3Y tàbí 4Y, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì Hiace àti Hilux. 3Y jẹ́ 1998 cc, 4Y jẹ́ 2237 cc. Tèmi, tí wọ́n ń pè ní XN1, jẹ́ 1971 cc. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára láti ìsàlẹ̀ ni 4Y, ó máa fa ẹrù, kò sì sí abúlé tẹ́ ẹ dé tẹ́ ẹ ò ní rí ọmọ mẹkáníìkì tó ti tú u rí. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lórí igbá káàkiri. Ẹ́ńjìnnì Pijó kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n dunjú ti ń dàgbà, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń kọ́ Corolla. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n rò ó dáadáa. Iyèméjì mi kì í ṣe ti agbára. Ta ló máa tún un ṣe fún mi lọ́dún márùn-ún sí i ni mò ń wò.

Ti epo náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan sì kúrò ní iye tí kò tó ₦200, tó kọjá ₦500, tó wá ré kọjá ₦1,000 nígbà tó di 2024, kò sí oníṣòwò tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ tí kì í ṣírò lítà. Àwọn kan sọ fún mi pé Toyota ò ní jẹ epo tó Pijó. Mo bi wọ́n pé báwo ni ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju tèmi lọ, tó ń fi kabúrétọ̀ ṣiṣẹ́ bíi tèmi, tí máa gbé ẹrù kan náà gun òkè kan náà, ṣe máa jẹ epo tó kéré. Wọn ò rí i sọ. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó ni wọ́n ń fi wé èyí tó le. Tí tèmi náà bá le padà, ìyàtọ̀ yẹn ò sí mọ́.

Èmi àti Bàbá Ìbejì, mẹkáníìkì mi, jọ lọ sí Ararọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Ẹ́ńjìnnì tò lọ lórí táyà àtijọ́, gíà ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n fi ọ̀rá àti àkísà dí wọn lẹ́nu kí omi òjò má bàa wọlé. Belgium ni wọ́n ń pe èyí tó ti òkè òkun dé tí wọn ò tíì lò ní Nàìjíríà. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé 4Y kan síwájú wa, ó so bátìrì mọ́ ọn, ó fi kẹ́ẹ̀gì kékeré gbé epo kọ́ sókè kabúrétọ̀, ó tàná sí i lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ń wo ọwọ́ Bàbá Ìbejì. Kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó na àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, ó fi síbẹ̀ títí. Atẹ́gùn tó bá ń fẹ́ jáde níbẹ̀ ló máa sọ bí ríìngì, òrùka irin tó yí písítìnì ká, ṣe rí nínú: tí ríìngì bá ti jẹ, iná tó ń jó nínú sílíńdà á máa sá gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá sísàlẹ̀, á wá máa fẹ́ síni lọ́wọ́. Ti èyí kò fẹ́. Nígbà tí wọ́n pa á, ó di púlì iwájú kíráńkì mú, ó tì í, ó fà á. Kò mì. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó fi ìka ra á, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Mọ́mì, kí lẹ wí?"

Ẹ́ńjìnnì tó dára ni. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mi ò rí gidi rà. Mo ní ká gba iye owó rẹ̀ sílẹ̀, ká padà sílé, ká lọ wọn ọkọ̀ ná.

Ìwọ̀n yẹn ló la ojú mi. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì 504 wò: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í dúró ṣánṣán, ó fẹ̀gbẹ́ sùn. Ìdà rẹ̀ tó ìwọ̀n igun 45. Ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè wálẹ̀. Torí pé ó dà bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ́ìlì ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìrísí tó fi yẹra fún irin ìdábùú iwájú ọkọ̀ àti irin ìdarí. Ti Toyota máa ń dúró ni. Nígbà tí Bàbá Ìbejì fi téèpù wọ̀n ọ́n, ikùn 4Y, ìyẹn ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé, máa jókòó lé irin ìdábùú náà. Ká gbé ẹ́ńjìnnì sókè? Yóò kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ká gé ikùn rẹ̀ kí wẹ́dà tún un jó? Ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ ló ti ṣe é. Àmọ́ páìpù kan wà nínú ikùn yẹn tó ń fa ọ́ìlì sókè. Tẹ́ ẹ bá gé ikùn, ẹ ní láti gé páìpù náà kó bá a dọ́gba, ẹnu rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ìsàlẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ṣàn sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè, tí ẹnu páìpù sì wà níwájú níbi tó ga, atẹ́gùn ló máa fà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí ọ́ìlì ti tó láti jó bẹ́ríìnì kíráńkì. Mo ronú kan òkè Èfọ̀n, àpò ìrẹsì lẹ́yìn, mo dákẹ́.

Síbẹ̀, iwájú ṣì ni ibi tó rọrùn. Ẹ̀yìn ló le.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn rìn, ṣáfútù tó ti gíà lọ sẹ́yìn máa ń wà ní gbangba. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ Hiace, ẹ ó rí i tó ń yí. Ẹ ò lè rí ti 504. Inú páìpù irin kan tó ki ló ti ń yí. Bóòtù ló so iwájú páìpù yìí mọ́ gíà, bóòtù ló so ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ dífẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ máa rò pé ìdáàbòbò lásán ni, kí erùpẹ̀ má bàa dé ara ṣáfútù. Bàbá Ìbejì gbé ọkọ̀ sókè lórí jáàkì, ó fún mi ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n wo ohun tó di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú. Kọ́ìlì ni mo rí. Kọ́ìlì lè gbé ẹrù sókè, àmọ́ kò lè ní kí ohunkóhun má yí. Nígbà tí táyà bá ti ilẹ̀ sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè lọ síwájú, ilé dífẹ́ fúnra rẹ̀ máa fẹ́ yí padà sódìkejì. Lọ́rì ní irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, ìyẹn lè fara da yíyí bẹ́ẹ̀. Sítéṣọ̀n kò ní i. Páìpù yẹn ni apá tó ń di dífẹ́ mú tí kò jẹ́ kó yí.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Àwọn tó ní "ká gbé ẹ́ńjìnnì àti gíà Toyota wọlé pa pọ̀, kó yá" kò ní ibi tí wọ́n máa ti so ẹnu páìpù náà mọ́, torí gíà Toyota kò ní ihò rẹ̀. Wọ́n ní láti yọ ọ́ dànù, kí wọ́n gé ṣáfútù míì sí i. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìṣe apá irin tuntun tó máa di dífẹ́ mú, ọkọ̀ náà máa rìn dáadáa lórí títì tó tẹ́jú, inú oní-nǹkan á sì dùn. Ọjọ́ tó bá gbé ẹrù, tó tẹ iná lórí òkè, ìdí ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èmi ni máa jókòó síwájú. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni máa jókòó sẹ́yìn.

Ọ̀nà kejì wà, òun ni Bàbá Ìbejì sì fara mọ́: ká fi gíà Pijó àti páìpù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, gé abala irin kan tó máa so ẹ́ńjìnnì Toyota pọ̀ mọ́ gíà Pijó, kó tún ṣe fíláìwíìlì àti kílọ́ọ̀ṣì tí àwọn méjèèjì máa gbà. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n àárín kíráńkì àti àárín ọ̀pá gíà gbọ́dọ̀ wo ara wọn gan-an. Ìyàtọ̀ tí ojú kò lè rí máa mú kí bẹ́ríìnì gíà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kílọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà gíà tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ á bá a kú. Tọ́nà tí a lọ bá ní ká gbé ẹ́ńjìnnì àti gíà méjèèjì wá, ká fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ká má sì dá ọjọ́ fún òun. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun máa ṣe é tán ká tó jẹun ọ̀sán, ẹ dìde níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà. Géèjì ìgbóná inú dáṣíbọ́ọ̀dù, sẹ́ńsọ̀ Pijó ló ń bá sọ̀rọ̀. Tí ti Toyota bá wà lára ẹ́ńjìnnì tí wọn ò sì wá nǹkan ṣe sí i, géèjì lè máa fi àárín hàn nígbà tí omi ti ń hó. Bíréèkì náà ń gba ìrànlọ́wọ́ láti ara ìfàmúra ẹ́ńjìnnì, rewáyà kò lè bá yín ṣe ìyẹn, ẹ ní láti fa páìpù rẹ̀ dáadáa kí ẹsẹ̀ tó le tó. Ẹnu rẹdíétọ̀ kò ní wo ibi tí ẹnu ẹ́ńjìnnì wà. Sàlẹ́ńsà, okùn iná, ẹ́ńjìnnì síìtì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa tún gé. Ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú pátíkúlà. Ọlọ́pàá tó bá ní kẹ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa fi nọ́ńbà tó wà lára irin wé tinú ìwé. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà wà lórí rẹ̀, kó mú un lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, kí wọ́n yí i padà nínú ìwé kó tó gbé e sọ́nà. Ẹ má ṣe fi eléyìí falẹ̀ rárá, torí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n jí wà nígboro, ẹni tó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa dì mú.

Mi ò ní kọ iye owó síbí, ó ń yí lójoojúmọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí mo ro iṣẹ́ tọ́nà, wẹ́dà, rewáyà, kílọ́ọ̀ṣì, rẹdíétọ̀ àti ìwé pọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n pe ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbèrò rẹ̀ kó fi ìyẹn sọ́kàn: ìdajì owó lẹ ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tajà, kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́.

Ìgbà yẹn ni mo wá sọ fún Bàbá Ìbejì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe èyí tó wà nínú ọkọ̀ gan-an?" Gbogbo ènìyàn ló ti dájọ́ ikú fún un, ẹnì kan ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí àkísà bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Mẹ́ta nínú wọn gbẹ, wọ́n ní àwọ̀ bí ewé gbígbẹ. Ìkẹta dúdú, ó ń dán, ọ́ìlì wà ní ẹnu rẹ̀. Ó fi géèjì tó ń wọn bí sílíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó sí ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, dẹ́rẹ́bà mi tẹ iná pátápátá, ó ń ta sítátà. Ìkíní fún wa ní 145, ìkejì 140, ìkẹrin 145. Ìkẹta, 85. Ó ní kí n dúró. Ó da ọ́ìlì díẹ̀, ìwọ̀n ṣíbí ìmùkọ, sínú ihò ìkẹta, ó ní kí wọ́n tún ta á. Géèjì gòkè dé 125.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ṣàlàyé fún mi: tó bá jẹ́ pé àwọn fáàfù ló ń jò, ọ́ìlì tí a dà síbẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan, torí òkè làwọn wà. Àárín písítìnì àti ara ògiri ni ọ́ìlì máa ń dí. Bí nọ́ńbà bá fi gòkè, ríìngì àti sílíìfù, ìyẹn ògiri tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, ló ti jẹ. Sílíńdà kan ṣoṣo ló ń tu èéfín sójú gbogbo Òṣogbo.

Ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun kan nípa ẹ́ńjìnnì yìí, òun ló pinnu ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ara irin bulọ́ọ̀kù gan-an ni wọ́n lu ihò 4Y sí. Tó bá jẹ, ẹ ní láti gbé bulọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ríbọ́ọ̀, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá písítìnì tó tóbi sí i. XN1 kò rí bẹ́ẹ̀. Sílíìfù rẹ̀ ń yọ, omi ló ń ṣàn yí ara wọn ká nínú bulọ́ọ̀kù. Tó bá jẹ, ẹ fa ti àtijọ́ yọ, ẹ ki tuntun wọlé pẹ̀lú písítìnì àti ríìngì rẹ̀, bulọ́ọ̀kù kò kúrò nínú ọkọ̀. Àwọn tó ṣe é rò ó pé ibi tí kò sí ẹ̀rọ ńlá làwọn ènìyàn máa ti tún un ṣe.

Mo ní kí wọ́n ṣí i. Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n ṣe gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà kúrò báyìí, ọmọ iṣẹ́ kan na ọwọ́ sí púlì kó lè yí kíráńkì, kí písítìnì lè wá sókè. Bàbá Ìbejì pariwo mọ́ ọn. Ó wá bóòtù àti wáṣà ńlá, ó dè wọ́n mọ́ etí àwọn sílíìfù kí wọ́n má lè kúrò lójú ibi tí wọ́n jókòó sí, ó tó wá ní kó yí i. Ó ní tí sílíìfù tí a kò fẹ́ yọ bá gbéra díẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọ inú ọ́ìlì látìsàlẹ̀, ọ́ìlì náà á wá rí bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí. Irú ìmọ̀ báyìí ni mo ní ó ń lọ lọ́wọ́ wa. Ọmọ náà ti kọ́ ọ lójú mi, inú mi sì dùn pé ọkọ̀ mi ló fi kọ́ ọ.

Ìkẹta ní ojú ọgbẹ́ gígùn lára ògiri rẹ̀. Ríìngì kan ti ṣẹ́. Àwọn yòókù kò burú, àmọ́ a ní ká pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Wọ́n yẹ ibi tí sílíìfù ń jókòó sí wò bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ó mọ́. Wọ́n wọn kíráńkì. Bẹ́ríìnì tuntun tó o. Tọ́ọ̀pù jẹ́ alumíníọ̀mù, ó máa ń tẹ̀ tó bá ti gbóná jù rí, nítorí náà wọ́n gbé irin títọ́ lé e láti igun sí igun, wọ́n sì wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ki àwọn sílíìfù tuntun wọlé, Bàbá Ìbejì fi àkókò tó pọ̀ jù wọn bí etí wọn ṣe yọ sókè ju ojú bulọ́ọ̀kù lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ kí gásíkẹ́ẹ̀tì lè tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Ọ̀kan kò dọ́gba. Ó yọ ọ́, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n.

Gbogbo ohun tí mo ná kò tó owó ẹ́ńjìnnì Toyota nìkan, ká má tíì sọ ti tọ́nà.

Ṣé mò ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pààrọ̀? Rárá o. Aládùúgbò mi kan tó ń ta pákó ní Pijó tí omi gbẹ lójú ọ̀nà tí bulọ́ọ̀kù rẹ̀ sì ya. Ìyẹn kò ṣeé tún ṣe. Tọ́nà tó mọṣẹ́ ló so 4Y pọ̀ mọ́ gíà Pijó fún un, ó sì ń gbé pákó kiri títí di òní. Mo ti wọ̀ ọ́. Kò gbọ̀n, kò pariwo. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ́wọ́ ọkùnrin náà ni ìwé kan tó lẹ̀ mọ́ inú pijin-họ́ọ̀lù rẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: páálí kílọ́ọ̀ṣì, ti ọkọ̀ wo, bẹ́líìtì, ìwọ̀n wo, họ́ọ̀sì omi, ti ọkọ̀ wo ni wọ́n gé. Mẹkáníìkì tó bá pàdé ọkọ̀ náà ní Òǹdó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá máa pààrọ̀, ẹ bá mi sọ fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ní kí n gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sí i, ó wúwo, kò sì ní fún bíréèkì ní ìfàmúra tó nílò láìfi póòǹpù tirẹ̀ kún un. Ti gáàsì CNG tí àbúrò mi sọ, mi ò kọ̀ ọ́, ètò tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2023 ti jẹ́ kí àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é pọ̀ sí i. Àmọ́ sílíńdà rẹ̀ máa gba ibi tí ìkòkò mi ń jókòó, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì kò sì ní sàn torí pé a yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Ká kọ́kọ́ wò ó sàn ná.

Ní báyìí, èéfín ti tán. A ṣì ń rọra gbé e, ẹrù kò tíì pọ̀, mi ò tíì jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà sáré lórí ẹ. A ti da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, Bàbá Ìbejì sì ti tún àwọn bóòtù tọ́ọ̀pù fún. Ó gun òkè Èfọ̀n pẹ̀lú ìkòkò méjì, géèjì kò kọjá àárín.

Mo ti bá a sọ ohun tá a máa ṣe tí bulọ́ọ̀kù yìí bá ya lọ́jọ́ kan. A ò ní lọ sọ́dọ̀ Toyota. XN1A, ẹ́ńjìnnì 505 oníkabúrétọ̀ 1971 cc, ìdílé kan náà ni pẹ̀lú tèmi: yóò dà bí tèmi ṣe dà, yóò gba gíà mi, páìpù ẹ̀yìn kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan yí. Kì í ṣe 2.2 oní-injection o, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Mo fẹ́ ra ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó fọ́ gbogbo wọn tà fún àwọn tó ń yọ́ irin. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń tú 505 GR ní Òṣogbo, Ẹdẹ tàbí Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Kó má tíì yọ tọ́ọ̀pù rẹ̀. Bàbá Ìbejì fẹ́ fi géèjì sí i ká tó dúnàá dúrà.